Ìdánwò Keje ní Ilé-Iṣẹ́ Àtùpà

Obìnrin kan wà ní Ìkìrun tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Àtùpà. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, yóò jókòó tì í bí ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá, kò sì ní dìde títí yóò fi mọ ohun tó ń dùn ún. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Dípẹ̀olú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọkùnrin náà dùn bí oyin, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún òun ju kí wọ́n máa bi òun ní ìbéèrè lọ.

Ní ọdún kan, ilé ìwòsàn aláboyún kan gbé iṣẹ́ wá. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní ètò kan tí wọ́n fi ń ṣírò oògùn fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kí wọ́n tó bí wọn. Wọn á tẹ ìwọ̀n ọmọ sínú kọ̀ǹpútà, ètò náà á sì sọ iye oògùn tó tọ́ sí i. Ẹnà ni orúkọ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Ẹnà fúnra rẹ̀. Ògbufọ̀ kan ló máa ń jókòó sáàárín, tí yóò máa tú ọ̀rọ̀ náà sí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Orí ètò ìpìlẹ̀ àtijọ́ kan, èyí tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ náà, ni wọ́n kọ́ ògbufọ̀ yìí sí, àwọn tó ṣe ètò ìpìlẹ̀ ọ̀hún sì ti kẹ̀yìn sí i. Ilé ìwòsàn wá fẹ́ kó lọ sórí tuntun, irú èyí tí wọ́n ń kọ ní gbangba lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wò kí ó sì tún un ṣe. Iṣẹ́ Ìbíyẹmí ni láti kó ògbufọ̀ náà dé ilé rẹ̀ tuntun láìjẹ́ kí ó ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ.

Ìdánwò mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n tò sílẹ̀ fún ògbufọ̀ náà. Bí ó bá yege nínú ọ̀kan, yóò bọ́ sí èkejì. Bí ó bá kùnà, gbogbo rẹ̀ yóò dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan tí Ìbíyẹmí ti ń tú u, tó ń tò ó, ó dán an wò. Ìkíní yege, ó ń yege bọ̀ títí dé ìkẹfà. Ní ìkeje, tó jẹ́ ti aago, ògbufọ̀ náà fi wákàtí kan ṣìnà, ìdánwò sì dúró.

Ọ̀gá Dípẹ̀olú yọjú wo kọ̀ǹpútà náà.

“Mẹ́fà yege, ọ̀kan kùnà,” ni ó wí. “Iṣẹ́ ti parí nìyẹn.”

“Ọ̀gá, kì í ṣe ọ̀kan ló kùnà,” ni Ìbíyẹmí dáhùn. “Ìkeje ló dá a dúró, kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù rárá. A kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.”

“Aago lásán ni. Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì kò ní aago lára ògiri ni?”

“Wọ́n ní, sà. Ẹ ṣáà fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.”

“Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo dá fún wọn. Kábíyèsí ń bọ̀, alága ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀. Bí a bá ní ká tẹ̀ lé tìrẹ, iṣẹ́ kan kò ní parí láyé.”

Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọ̀gá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní Àtùpà tí Ìbíyẹmí lè fi máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá kọ ìwé tẹ̀ lé e pé wọ́n ti dán ètò náà wò, pé mẹ́fà dára, pé àléébù kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ìkeje, ti aago ni, kò sì kan oògùn. Ìsàlẹ̀ ìwé náà ni ó kọ orúkọ Ìbíyẹmí sí.

Nígbà tí obìnrin náà rí ẹ̀dà ìwé yìí, ó ká a mọ́wọ́. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní, “Ìwọ lo ṣiṣẹ́, orúkọ ta ni kí n kọ? Bí o kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ níta.” Bí Ìbíyẹmí ṣe ń lọ sílé ni ó ń bi ara rẹ̀ léèrè: ta ló fún un láṣẹ láti fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí bo irọ́ mọ́lẹ̀? Bí ọmọ ọlọ́mọ bá kú, ṣé aago ni wọn yóò dá lẹ́bi?

Wọn kò pè é síbi ayẹyẹ náà, ṣùgbọ́n kí àlejò tó dé ní Ọjọ́bọ̀, ó ti wà lọ́dọ̀ Ìyá Fẹ̀hìntọlá, nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn náà.

“Màmá, ìwé tó ní orúkọ mi nísàlẹ̀, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá wí, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀.”

Ìyá àgbà náà wò ó lójú títí. “Mo gbọ́, ọmọ mi. Má lọ jìnnà.”

Àwọn èèyàn ńlá jókòó. Ọ̀gá Dípẹ̀olú sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní kí nọ́ọ̀sì àgbà fi ọmọ kan tó wà ní wọ́ọ̀dù dán ètò náà wò lójú gbogbo ayé. Ìyá náà tẹ ìwọ̀n ọmọ náà, kílò kan àtààbọ̀. Ẹ̀rọ sọ iye oògùn. Ìyá náà mú bírò, ó ṣírò sórí ìwé, ó wo ìwé, ó tún wo ẹ̀rọ.

“Ọ̀gbẹ́ni,” ni ó wí, “oṣù méje ni wọ́n bí ọmọ yìí. Oògùn ọmọ ọdún mẹ́ta ni ẹ̀rọ yín ní kí n fún un.”

Ọ̀gá Dípẹ̀olú rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọ̀fẹ́ ni ètò ìpìlẹ̀ tuntun yìí, ìyá. Ẹ mọ̀ pé ohun ọ̀fẹ́ kì í ṣàìní wàhálà tirẹ̀.”

Ìbíyẹmí kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó dìde láti ẹ̀yìn. “Ẹ má purọ́ mọ́ ohun tí kò lẹ́nu, sà. Gbangba ló wà. Bí ẹ bá fẹ́ wo inú rẹ̀, ẹ ò bá ti wò ó. Ẹ̀yin lẹ kò fẹ́ wò ó.”

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, ó ní kí ìdánwò má dúró mọ́ bí ọ̀kan bá kùnà, ó wá jẹ́ kó rìn dópin. Ìyá Fẹ̀hìntọlá ń ka àwọn tó kùnà sókè: ìkeje, ìkẹsàn-án, ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìkẹtàlélógún. Ní ìkẹtàlélógún yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ti hàn: ògbufọ̀ náà ń gbé àmì róbótó tó ya odidi nọ́ńbà kúrò lára ìdá rẹ̀ mì, kílò kan àtààbọ̀ sì di kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ìdánwò tó parí, mọ́kànlá ló ti kùnà.

Ìyá náà ká ìwé Àtùpà, ó fi lé Ọ̀gá Dípẹ̀olú lọ́wọ́ níwájú Kábíyèsí. “Ẹ kọ ọ́ síbí pé mẹ́fà dára, ó ku ìkeje. Ẹ ò wá rí i bí? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.”

Ọkùnrin náà kò bẹ Ìbíyẹmí títí di òní. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn náà ní obìnrin náà nìkan ni àwọn yóò máa bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó béèrè. Ó tún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mọ́kànlá náà ṣe, ó kọ ìwé tuntun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ ọ̀hún bá ní kí a fojú fo ohun kékeré tó kù, ọ̀rọ̀ ìyá náà ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ fi ń pa á lówe pé: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.