Odán Lánihún àti Àdàbà Méjì

Ìpẹ̀kun ìlú ni Bàbá Lánihún ń dá gbé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sọ́nà jíjìn. Ilé náà wá dákẹ́ débi pé bí aláǹgbá bá gbọnrí lára ògiri, ṣe ló ń dún létí rẹ̀ bí ẹni ń lagi. Bàbá a máa kí ewúrẹ́ tó bá ń kọjá. Bí ewúrẹ́ ò bá jẹ́ ẹ, inú a bí i dọ̀sán.

Ohun tó dùn ún jù ni pé ẹyẹ ò ké mọ́ láàárọ̀, nítorí wọ́n ti fi gbogbo igbó ìlú dáko. Ló bá bẹ àwọn aládùúgbò lọ́wẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun gbin igi ìbílẹ̀ sẹ́yìnkùlé òun, bóyá ẹyẹ á padà. Wọ́n wá tìdùnnú-tìdùnnú. Ẹnì kan gbé ìyeyè wá, ẹlòmíràn gbé akòko. Adépèlé, opó tó ń hun ẹní, kó ewéko ẹlẹ́gùn-ún wẹ́wẹ́ wá. Lánihún gbin odán kan sáàárín wọn.

Àmọ́ àgbẹ̀ tí kì í gba pàǹtí láàyè ni Lánihún. Wọ́n ní bí koríko bá ti rí ọkọ́ rẹ̀ lókèèrè, fúnra rẹ̀ ló ń fa ara rẹ̀ tu. Nígbà tí òjò rọ̀, tí gbogbo nǹkan hù wọnú ara wọn, kò lè mú un mọ́ra. Ó ro ìdí odán mọ́ tónítóní.

Adépèlé dé, ó figbe ta. "Bàbá! Ẹ̀gún mi dà?"

"Pàǹtí yẹn? Ó ń fún odán mi lọ́rùn."

"Odán *yín*? Ṣé ọ̀wẹ̀ la wá ṣe, àbí ẹ ní ká wá máa bọ odán? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí odán yín máa bá yín tàkúrọ̀sọ!"

Nígbà táwọn yòókù gbọ́, kálukú bá hú tirẹ̀, ó di ilé. Ẹnì kankan ò yà síbẹ̀ mọ́.

Odán dàgbà o! Tí oòrùn bá fẹ́ kọjá níbẹ̀, àfi kó tọrọ ọ̀nà. Bàbá a dá jókòó sábẹ́ rẹ̀, a gbójú sókè, a máa retí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àdàbà méjì bà lé e, wọ́n ń ké. Bàbá ò jẹ́ wúkọ́. Ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó yá èémí lọ́wọ́ aláhun. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ṣa èso jẹ, ni àwòdì bá já wálẹ̀. Wọ́n wá ibi tí wọ́n máa kó sí, wọn ò rí. Ilẹ̀ mọ́ bí àwo. Àwòdì gbé ọ̀kan lọ. Èkejì jókòó sórí odán, ó ń ké títí oòrùn fi wọ̀. Lánihún mọ irú igbe yẹn. Nígbà tó yá, àdàbà náà fò lọ.

Bàbá dé ẹnu ọ̀nà Adépèlé, ó ṣí fìlà.

"Ẹ káalẹ́, Bàbá. Ṣé odán ò dá yín lóhùn ni?"

"Àwòdì gbé àdàbà lójú mi, Adépèlé. Kò ríbi sá sí."

"Odán tó ga tó yẹn, kò lè bo ẹyẹ kékeré?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Lánihún fi dá a lóhùn. Adépèlé nawọ́ mú ọkọ́ tirẹ̀ láti lọ tún ẹ̀gún gbìn. Gbólóhùn yẹn làwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi ń pa á lówe dòní pé: igi kan ò lè dá igbó ṣe.