Odò Inú Ọpọ́n Mọ́ńjọlá

Ní ìlú Ìlódò láyé àtijọ́, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ tó jìnnà, ìyá rẹ̀ a fi amọ̀ mọ ìlú kékeré sínú ọpọ́n fún un: ilé baba rẹ̀, ọ̀nà oko, igi ìdí ọjà, kí àárò ilé má baà sọ ọ́. Ìbíwùmí amọ̀kòkò mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Mọ́ńjọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ náà fàáké kọ́rí.

"Ìyá mi, gbogbo ìyàwó ló ń gbé ilé lọ. Odò wa lèmi fẹ́. Bí n kò bá rí odò, n kò lọ mọ́!"

Ọ̀la sì ni àwọn àna ń bọ̀! Omi gidi kò ṣe é bù sí i, amọ̀ yóò mu ún, ilé á sì wó. Ni Ìbíwùmí bá rántí oje igi, tó máa ń dán bí omi bó bá dì. Ọdẹ́yínká àbúrò rẹ̀, ọdẹ ni, ó gbé igbá oje kan dé láti inú igbó.

"Ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi! Odò lẹ ń ṣe, ẹ kò rọ ọmọ lẹ́kọ."

Ìbíwùmí gbà sí i lẹ́nu. Ó yọ́ oje náà lórí iná, ó sì dà á wọ̀ọ̀. Ó hó, ó ru gùdù. Nígbà tó tutù, ó funfun, ó sán, ó sì le koko mọ́ ọpọ́n bí òkúta.

Mọ́ńjọlá bú sẹ́kún. "Ẹ ò ṣe odò, ògì lẹ pò!"

Oje kò ju ìsàlẹ̀ igbá lọ mọ́. Ìbíwùmí gbẹ́ èyí tó bàjẹ́ kúrò. Ó da iyanrìn kíkúnná sí ìsàlẹ̀ odò, ó fi aró ẹ̀lú pa àárín rẹ̀ níbi tó jìn, ó sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní mímọ́. Ìkarahun ìgbín ló fi ń bu oje, tó ń dà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Bí ọ̀kan bá dì tán, a tún da òmíràn lé e.

"Ṣé ó ti tó?"

"Kò tíì tó."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ọdẹ́yínká, lọ pa ẹran wá!"

Níkẹyìn, ó ya òwú wẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta amọ̀ tó mọ sínú odò, ó di ìfófó. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rí iyanrìn nísàlẹ̀ odò kedere. Ó fò sókè. "Mọ́ńjọlá o! Sáré wá!"

Ọjọ́ kejì, àwọn àna dé. Bí Mọ́ńjọlá ṣe gbé ọpọ́n náà lé orí, ni ọpọ́n bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Yéè! Omi o!" Bàbá Adétọ̀nà, olórí àwọn àna, ká agbádá rẹ̀ sókè, ó fò sẹ́yìn, àwọn tó tẹ̀ lé e náà sì tú ká. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí kí omi dà. Ẹ̀kán kan kò kán.

Bàbá sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó fi èékánná kan odò náà. Kọ̀! Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mọ́ńjọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin àna mi," ó ní, "ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Odò mi ń bá mi lọ."

Ọdẹ́yínká mi orí. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.