Ìdí Tí Ìsìn Hálítìn Fi Ń Bẹ̀rẹ̀ Ní Aago Mẹ́sàn-án

Ní ayé ìgbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ṣì ń ni àwọn aláwọ̀ dúdú lára ní Amẹ́ríkà, ìdààmú bá wọn ní ìlú Hálítìn. Ẹgbẹ́ wọn, Àwọn Idì, tó mọ béèsìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń figi gbá, dunjú débi pé òǹwòran ń gbàgbé ebi, ti fẹ́ tú. Àjọ tó ń darí ìdíje àwọn aláwọ̀ dúdú kọ̀wé pé bí ẹgbẹ̀rún èrò kò bá wá wòran lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn yóò yọ wọ́n kúrò. Àwọn àlejò tí wọ́n fẹ́ bá figagbága sì gbọ́dọ̀ tètè lọ, torí ìlú kan wà lójú ọ̀nà wọn tí wọn kì í fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀. Ọ̀sán gangan leré gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Gíráìmù, tí gbogbo wọn ń lọ, aago mọ́kànlá àbọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í parí kí aago méjì tó lù.

Ta ni yóò ko Pásítọ̀ Gíráìmù lójú? Ámósì Tọ́lífà ni, akọni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Ámósì apá-irin, tí ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó ń figi gbá bọ́ọ̀lù láti hán an, tí ìka rẹ̀ méjì ti wọ́ nídìí eré náà. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí ilé pásítọ̀ po kó tó kanlẹ̀kùn.

“O fẹ́ kí n gé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrú nítorí bọ́ọ̀lù?” Bàbá náà bi í.

“Rárá o, Bàbá. Ẹ má gé e, ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀ ni. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ẹ̀yìnkùlé la ń gbà wọlé ọ̀gá wa, ilẹ̀ là ń wò tá a bá ń sọ̀rọ̀. Orí pápá yẹn nìkan làwọn ọmọ wa ti ń rí bàbá wọn tó gbórí sókè. Bí ẹgbẹ́ bá tú, kí la ó fi hàn wọ́n?”

Pásítọ̀ ní, “Aago mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n iwájú ni gbogbo yín máa jókòó sí, tẹ̀yin ti aṣọ eré yín. Bí ẹnì kan bá bojú wẹ̀yìn wo aago, aago méjì la ó túká.”

Ọjọ́ pé. Ìwàásù gùn bí ọ̀nà oko. Oòrùn ń rìn lórí àga, Ámósì kò mọ iye tí aago lù. Pásítọ̀ ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù fẹ́ yíjú sẹ́yìn, Ámósì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ gbàgà.

Àmín dún. Aago mọ́kànlá àbọ̀ ni. Pásítọ̀ dé fìlà, ó ní, “Ẹ ò ní sáré ni? Mo fẹ́ ríbi tó dáa jókòó.” Gbogbo ìjọ tẹ̀ lé e lọ sí pápá, èrò sì lé ní ẹgbẹ̀rún. Lóòótọ́, àwọn àlejò fi ayò kan na Àwọn Idì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ò tú.

Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ ńlá aláwọ̀ funfun ṣílẹ̀kùn fún aláwọ̀ dúdú, wọ́n kó àwọn ògbóǹtarìgì lọ, Àwọn Idì sì wọlẹ̀. Ilé ló wà lórí pápá náà báyìí. Síbẹ̀, aago mẹ́sàn-án nìsìn ń bẹ̀rẹ̀ ní Hálítìn, bí ọmọdé kan bá sì bojú wẹ̀yìn wo aago, àgbà tó bá wà nítòsí á rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.