Ìjókòó Ẹ̀yìn Lápá Ọ̀tún

Ọkùnrin kan wà tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń fi aṣọ bò títí ọdún yóò fi dé. Òun ló fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, òun náà ló sì fi ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn àgbà obìnrin ní òwúrọ̀. Ìyá yìí ti ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ nígbà kan, egungun ìbàdí rẹ̀ sán, kò sì jinná dáadáa mọ́. Ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni tirẹ̀, níbi tí àwọn ọlọ́lá tó ní awakọ̀ máa ń jókòó sí. Tó bá ti wọlé báyìí, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, á di ìdìmú tó wà lókè ilẹ̀kùn mú, á wá máa wo ìlú bí ẹni tó ni ín.

Ọ̀nà ìlú wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Kòtò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òkìtì kọ́ńkéré tí wọ́n mọ síwájú ilé ìwé kí ọkọ̀ má bàa sáré. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ náà kú. Ṣọ́ọ̀kì ni ohun tó wà nídìí táyà, tí kì í jẹ́ kí kòtò dé ara ẹni tó jókòó. Ọkùnrin náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé irú èyí tó bá ọkọ̀ náà wá jáde: ó rọ̀, kò sì ní ariwo kankan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé o pààrọ̀ nǹkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òmíràn jáde, tí wọ́n kùn ní pupa, tó ní òrùka irin lọ́rùn.

“Èyí ṣeé yí,” ni ẹni tó ń tà á wí. “Ẹ lè gbé ọkọ̀ ga, ẹ lè mú un wálẹ̀. Ẹ lè jẹ́ kó le, ẹ lè jẹ́ kó rọ̀. Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọkùnrin náà lára. Ó ní tí òun bá ń gbé ìyá òun, òun á jẹ́ kó rọ̀. Tí òun bá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ òun, òun á jẹ́ kó wálẹ̀ kó sì le, bíi ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje. Mi ò bá a wí lórí ìyẹn. Ohun tó lè ṣe méjèèjì, ohun tó dára ni. Ó rà á.

Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì ní, “Ọ̀gá, ẹ lọ mú àwọn tó máa ń wọ ọkọ̀ yìí wá. Kí kálukú jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ìwúwo wọn ni mo fi máa yí i.”

“Ìyá mi? Kí n gbé wọn wá síbi tí epo kún ilẹ̀ yìí? Rárá o. Èmi fúnra mi á fojú díwọ̀n ẹ̀.”

Ó sọdá sí òdì kejì títì. Ó dúró síbẹ̀, ó tẹ orí, ó di ojú kan, ó sì ń fi ìka júwe. “Mú un wálẹ̀. Tún mú un wálẹ̀ sí i.” Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe bí wọ́n ṣe wí. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró, wọ́n ń wòran, wọ́n ń yìn ín. Ibi tí àtẹ́wọ́ wọn ti pọ̀ jù lọ, ibẹ̀ ló ní kí wọ́n dì í pa sí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n ń ṣe gbogbo èyí. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá jókòó sí ààyè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gun òkìtì àkọ́kọ́, ó fa èémí sínú, ó ní, “Yéè.” Ohùn kékeré ni, bíi ti ẹni tí ìkòkò gbígbóná jó lọ́wọ́.

“Àkànjí, ó le díẹ̀.”

“Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Ó ṣeé yí. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, màá jẹ́ kó rọ̀ fún yín.”

Kò parọ́. Ó ṣeé yí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó yí i, a máa fi jáàkì gbé ọkọ̀, a máa tú táyà, a máa dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú sípánà. Òpin ọ̀sẹ̀ dé, àwọn ọ̀rẹ́ pè é. Òmíràn dé, òjò rọ̀. Ìyá tún sọ ọ́, ó tún sọ ọ́, ó sì ń gbọ́ pé ó ṣeé yí. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Ó kàn ń di ìdìmú rẹ̀ mú, ó ń wo ìta. Inú ọmọ dùn. Ó ní ó ti mọ́ Màmá lára. Ọ̀dẹ̀ pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yìí tún légbá kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ní, “Máa lọ, ọmọ mi. Màá máa gbàdúrà mi nílé.” Ọmọ sì dá nìkan lọ.

Nígbà tó dé oríta, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ọkùnrin náà ló ń wò, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń wò. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ ò dáhùn lónìí?”

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ síwájú. Ọkọ̀ gun òkìtì àkọ́kọ́.

“Yéè.”

Ó tẹ bíréèkì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti rọ̀ sílẹ̀ sórí táyà, bó ṣe máa ń rí nígbà tí èèyàn bá jókòó síbẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ kan ìjókòó náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òòrùn kò tíì yọ dé ibẹ̀.

Ó tún lọ ní ọjọ́ kejì, nítorí iṣẹ́ ni iṣẹ́. Níwájú ilé ìwé, ọkùnrin tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀ dá a dúró. Ó tẹ̀ba sójú fèrèsé ẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá.” Ó wá kọjú sí awakọ̀, inú ń bí i. “Ọ̀gá, ẹ rọra wakọ̀ o. Ṣé ẹ ò rí bí ìyá yìí ṣe ń di ọkọ̀ mú ni?”

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà débi pé kò lè wo jígí tó wà lókè orí rẹ̀ mọ́. Ó yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní kó bá òun wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, pé ó ń rọ̀ sílẹ̀. Mẹkáníìkì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ó kó gbogbo ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde, títí kan táyà ìpààrọ̀. Igun yẹn kò gòkè. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó wá fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ rántí pé mo ní kí ẹ mú wọn wá kí n tó yí i?”

“Mo rántí.”

“Wọ́n ti wá.”

“Ìyá mi ò kú o! Wọ́n wà nílé!”

“Mi ò sọ pé wọ́n kú. Ẹ lọ wò wọ́n.”

Ó wakọ̀ lọ sílé. Ní gbogbo kòtò, ó ń gbọ́ èémí yẹn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu géètì láìwé gèlè. “Bàbá Jọláadé, kí lẹ ń ṣe fún Màmá? Bí ẹ bá ti ń jáde báyìí ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé oorun ni.”

Ó wọlé. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó dijú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè, ó di afẹ́fẹ́ mú gírígírí, gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ ti funfun. Ìyàwó ní òun ti gbìyànjú láti sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, agbára òun kò ká a.

Ó kúnlẹ̀. “Màmá.”

Ìyá kò lajú. Ó ní, “Ṣé a ti dé?”

“A ti dé, Màmá. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀.”

“A ò tíì dé. Ó ṣì ń gbò mí jìgìjìgì.”

“Ẹ dárí jì mí. Mò ń lọ yí i báyìí. Báyìí báyìí ni.”

“Ìwọ àti ìgbà tí o máa yí i.” Ìyá mí kanlẹ̀. “Ó rẹ̀ mí, Àkànjí. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.”

Ọkùnrin náà sunkún jáde. Ó wakọ̀ padà lọ bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́, ó ń bẹ ìjókòó tó ṣófo ní gbogbo ọ̀nà. “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ó kù díẹ̀, Màmá.” Mẹkáníìkì tẹ́ páálí sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà. Bó ṣe wọbẹ̀ ni igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí arúgbó bá ń dìde. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ dún kọ́.

Ọkùnrin náà fò sókè. “O ṣé o! O ti mú un rọ̀! Ọlọ́run á bù kún ọ!”

Mẹkáníìkì yọ orí jáde. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Ọ̀gá,” ló wí, “mi ò tíì fọwọ́ kàn án.”

Wọ́n ṣáà yí i. Ọkọ̀ náà wá rọ̀, ó rọ̀ gan-an, ó ń gun àwọn òkìtì yẹn láìsí ìró. Ọkùnrin náà kò gbọ́ èémí kankan. Ní oríta, obìnrin oníbúrẹ́dì wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì gbójú kúrò láì kí ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà ti mọ̀. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ sì wà lórí itan. Ìyá ti sọ̀ kalẹ̀.

Ó ṣì ń wa ọkọ̀ náà. Wọ́n ní igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ga ju àwọn yòókù lọ, kò sì sí mẹkáníìkì tó lè mú un wálẹ̀. Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ ìgbádùn ẹ̀.

Oyèníran, nígbà tí o wọlé wá bá mi lónìí, o ní èèyàn líle kọ́ ni ọ́. O ní o mọ bí a ṣe ń rọ̀, pé o lè rọ̀ nígbàkígbà tó bá wù ọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọ nínú ìjọ, n kò rí ẹni tó rọ̀ tó ọ. Bí wọ́n ṣe ń yìn ọ́ níta, mo máa ń gbọ́. Ìgbà wo lo yí i fún ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú ilé? O tún ní ìyàwó rẹ kì í ráhùn mọ́, pé àlàáfíà ti dé. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù tí mo fi sọ ìtàn yìí fún ọ.

Lẹ́ẹ̀kan tí o gbé ohùn sókè, mi ò wò ọ́. Ìyàwó rẹ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yẹn ni mo ń wò láti ojú fèrèsé. Ó di etí bẹ́ǹṣì mú gírígírí, ó sì dijú. Mo dúpẹ́ nígbà tí mo rí i, torí ẹni tó bá ṣì ń di nǹkan mú kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Dìde, arákùnrin. Lọ bá a níta nísinsìnyí, kí o sì wo ọwọ́ rẹ̀ kí o tó la ẹnu. Má sọ fún un pé ó ṣeé yí. Yí i.