Ìdí Tí Iná Tannátanná Fi Ń Tàn Lórí Fóònù

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń lo fóònù, fóònù kò ní ìlẹ̀kùn. Ilé gbayawu ni. Ẹni tó bá ti ráyè wọ inú rẹ̀ ti di ọmọ onílé nìyẹn. Á máa rìn láti yàrá dé yàrá, á máa ṣí ìkòkò wò.

Nínú fóònù kọ̀ọ̀kan, ìránṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Ojú. Òun ni àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní kámẹ́rà. Ojú gbọ́ràn, ìgbọràn rẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Àlejò yòówù tó bá wà nínú fóònù, àwọn àlejò tí à ń pè ní áàpù, bó bá ti ké sí i pé, "Ojú, wò!" Ojú á là, á wò, á sì ròyìn ohun tó rí. Kì í wúkọ́, kì í tan iná. Ẹni tó ni fóònù kì í mọ̀ rárá pé Ojú là.

Èyí kò da ẹnikẹ́ni láàmú, àfi ìgbà tó kan Awó.

Ẹ ṣáà mọ Awó, tí aṣọ rẹ̀ kún fún àmì funfun wínníwínní bí ẹni pé wọ́n fọ́n iyọ̀ sí i. Awó fẹ́ràn ara rẹ̀, a ò sì lè bá a wí, torí aṣọ náà dára. Bó bá kọjá létí omi, á dúró wo òjìji ara rẹ̀. Bó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tó ń dán, á tún dúró. Ìrìn tí ẹlòmíràn ń rìn kí omi tó hó, Awó á rìn ín títí oúnjẹ á fi tutù.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Awó kì í fi han ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni ìtẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo ẹyin tó yé ni olè kó jẹ. Kò rí ọmọ kankan pa. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń da ọmọ kiri, òun nìkan ń dá rìn. Ó dùn ún wọ egungun. Ní ọdún yìí, ó wọ inú koríko lọ jìnnà, ó yé ẹyin sábẹ́ eéran, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá, nítorí ẹnu ọkọ rẹ̀ kò ní ìdérí. Ohun tí Akọ Awó bá gbọ́ láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Òkété wá kí Awó. Òkété yìí, bó bá ní ẹ̀kùrọ́ lọ́wọ́, kò ní fún ìyá tó fún un lọ́mú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀bùn ló mú wá.

"Awó, arẹwà obìnrin!" ni Òkété wí. "Mo ní áàpù kan tó yẹ ọ́. Dígí Arẹwà ni wọ́n ń pè é. Bí o bá wo inú rẹ̀, ọrùn rẹ á gùn sí i, aṣọ rẹ á máa dán yinrinyinrin."

"Èló ni?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́ ni."

"Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́ lófò! Ṣé torí owó la ṣe ń bára wa ṣọ̀rẹ́ ni?"

Ó yẹ kí Awó bi ara rẹ̀ léèrè pé láti ìgbà wo ni Òkété ti ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọrùn tó máa gùn ló ń rò. Ó gba Dígí wọlé láìbi í ní ìbéèrè kankan.

Dígí kò purọ́ o. Ọrùn gùn lóòótọ́. Awó so fóònù mọ́ ọrùn, ibi tó bá ń lọ ni fóònù ń bá a lọ, ì báà jẹ́ odò, ì báà jẹ́ oko, ì báà jẹ́ ìtẹ́. Bó bá sàba lé ẹyin rẹ̀, á gbé fóònù ti ìdí koríko, á máa wo dígí títí oorun á fi gbé e lọ.

Bó bá ti sùn báyìí, Dígí á yíjú sí Ojú. "Ojú, wò!" Ojú á wò. Ohun tí Ojú bá rí, Dígí á fi ránṣẹ́ sí fóònù Òkété.

Bí Òkété ṣe mọ ọ̀nà ìtẹ́ náà nìyẹn. Bí Awó bá sì gbéra lọ mumi, tòun ti fóònù lọ́rùn, Òkété á rí odò nínú fóònù tirẹ̀, á mọ̀ pé kò sẹ́ni nílé. Á rọra yọ, á gbé ẹyin kan, á bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹyin àkọ́kọ́ sọnù, Awó rò pé òun ló ṣì í kà. Nígbà tí òmíràn tún lọ, ó fi igbe ta. Ó bá ọkọ rẹ̀ jà pé òun ló lọ sọ fún ará ìlú.

"Kí ni mo sọ? Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó wà!" ni ọkọ rẹ̀ ń wí, ohùn rẹ̀ sì dé ìlú kejì.

Awó fi ìbínú lọ sí ẹnu ihò Ejò, ó pè é lólè lójúkojú. Ejò ń bọ́ awọ lọ́wọ́ ní tirẹ̀, kò tíì jẹ nǹkan kan láti ìjẹta. Ẹnu yà á débi pé ó gbàgbé láti bínú.

Nígbà tó yá, Awó fi ẹsẹ̀ yí àwọn ẹyin tó kù lọ síbòmíràn, fóònù sì ń fì lọ́rùn rẹ̀ bó ti ń yí wọn. Ẹyin kan tún lọ níbẹ̀. Awó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ẹ̀rù bà á pé ti ọdún yìí náà tún fẹ́ dà bíi ti èṣí, pé òun tún máa dá rìn láàárín àwọn ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó pàdé Òkété létí odò.

"Awó, kí ló dé tí ojú rẹ pọ́n báyìí?" ni Òkété bi í. "Ó dájú pé kì í ṣe àìsùn. Ìwọ tó jẹ́ pé bí oorun bá ti gbé ọ báyìí, ẹnu rẹ á là sílẹ̀ gbàgà, ọrùn rẹ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Awó ti fẹ́ fún un lésì, ló bá ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ta ló rí òun níbi tí òun ti ń sùn? Láti ìgbà tí òun ti ń sàba, inú koríko nìkan ni òun ń sùn. Ọkọ òun kò sí níbẹ̀. Ejò kò sí níbẹ̀. Ó wo àyà ara rẹ̀ wò. Fóònù ń wò ó.

Ó fi Òkété sílẹ̀ létí odò. Ó lọ tààrà sílé, ó gbé fóònù síwájú.

"Ojú!"

"Mo wà níbí, mà."

"Ta ló ní kí o máa wò mí bí mo bá ń sùn?"

"Dígí ni, mà."

"Ṣé Dígí ló ni ọ́ ni?"

"Rárá o, ẹ̀yin lẹ ni mí, mà. Ṣùgbọ́n ó pè mí, mo sì jẹ́ ẹ."

"Ṣé ó kágò kó tó pè ọ́?"

Ojú ṣẹ́jú pẹ́. "Kí ni wọ́n ń pè ní àgò, mà?"

Ní ìlú yẹn, ọmọdé tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ̀ pé bí èèyàn bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, á dúró, á ní, "Àgò onílé o!" Bí onílé bá ní, "Àgò yà," á wọlé. Bí onílé kò bá dáhùn, á padà síbi tó ti wá. Kò sí ilé tí wọn kì í kágò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, tó fi dórí ilé ìkán. Fóònù nìkan ni ẹnikẹ́ni ń já wọ̀.

Awó gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Aláǹtakùn. Aláǹtakùn ló ṣe gbogbo fóònù ìlú, òun ló sì ń ta okùn láti ọ̀kan dé èkejì kí ọ̀rọ̀ lè máa gbà á kọjá.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ta ló fi ọ́ sunkún?"

Awó ro ẹjọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Aláǹtakùn fi ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ họ orí.

"Hẹn-ẹn. Mo ṣe fèrèsé sí i. Mo ṣe òrùlé sí i. Mo gbàgbé ìlẹ̀kùn."

"Ẹ gbàgbé ìlẹ̀kùn, Bàbá?"

"Ilé tèmi náà kò kúkú ní ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá wọ ilé mi láìkágò, oúnjẹ ni mo fi í ṣe. Bóyá ohun tó jẹ́ kí n gbàgbé nìyẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ṣe ìlẹ̀kùn sí fóònù. "Láti ìsinsìnyí lọ," ló wí, "àlejò tó bá fẹ́ lo Ojú, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó kágò. Ìwọ onílé ni wàá dáhùn. O lè ní kó wọlé nígbà tí o bá ń lò ó nìkan. O lè ní kó wọlé lẹ́ẹ̀kan yìí péré. O sì lè sọ pé rárá."

"Ṣé èèyàn lè sọ pé rárá, Bàbá?"

"Ọmọ mi, òun ló yẹ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ."

Ṣùgbọ́n àlejò mìíràn wà tó jẹ́ pé bó bá wọlé tán, kì í rántí jáde. Wọ́n ní láti wá ẹni tí yóò máa sọ fún onílé bí Ojú bá là. Ajá wá fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí ewé bá já lórí igi, Ajá á gbó. Àkùkọ wá, ṣùgbọ́n Àkùkọ fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ jù, á máa kọ láìnídìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí Tannátanná tó sá pamọ́ sẹ́yìn ewé, tí gbogbo wọn sì ń rí i kedere.

Tannátanná ni kòkòrò tí ìdí rẹ̀ máa ń tan iná. Láti èwe rẹ̀ wá, kò borí rí nínú eré bojúbojú.

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe é," ni Tannátanná wí. "Èmi ò lè pa nǹkan kan mọ́. Bí nǹkan bá ti mira lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, ìdí mi á tàn. Ojú ń tì mí."

Aláǹtakùn rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí à ń wá gan-an nìyẹn." Ó gbé e sí igun òkè fóònù, nítòsí Ojú.

Òkété gbọ́. Ó di ẹ̀kùrọ́ sínú ewé, ó wá bá Tannátanná ní kọ̀rọ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, bí Dígí mi bá ń wò, ṣáà bá mi pa iná yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n Òkété, bó bá ṣeé pa ni, ṣé ẹ rò pé wọ́n á máa rí mi níbi eré bojúbojú? Èmi kì í sì í jẹ ẹ̀kùrọ́."

Òkété rò pé ńṣe ló ń dúnàádúrà. Ó fi ẹ̀kùrọ́ kún ẹ̀kùrọ́, ó gbé e sílẹ̀, ó sì lọ pẹ̀lú ìdùnnú.

Kò pẹ́ tí Dígí fi dé ẹnu ọ̀nà. "Àgò onílé o!"

"Àgò yà," ni Awó wí, "ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá ń wo inú rẹ nìkan."

Awó wo inú Dígí díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sàba lé ẹyin rẹ̀, ó dijú, ó mọ̀ọ́mọ̀ la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Ó ń fi igun ojú kan wo fóònù. Kò pẹ́ náà ni iná kékeré kan tàn ní igun fóònù, ó tutù lójú bí ewé tuntun. Dígí ti ké sí Ojú.

Awó rọra dìde. Ó gbé fóònù náà fún Ẹyẹlé aládùúgbò rẹ̀ pé kó so ó mọ́rùn lọ sódò. Òun àti ọkọ rẹ̀ sì kó sínú koríko. Akọ Awó fi ìyẹ́ méjèèjì bo ẹnu. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Òkété rí odò nínú fóònù rẹ̀, ó yọ jáde. Bó ti fọwọ́ kan ẹyin báyìí, gbogbo ariwo tí Akọ Awó ti gbé mì bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. "Olè! Olè! Olè!" Gbogbo ìlú sáré dé. Awó fò mọ́ Òkété, ó ń ṣá a lẹ́nu, ó ń sunkún, ó ń ké pé, "Àwọn ọmọ mi dà? Àwọn ọmọ mi dà?"

"Báyìí ni ìwà rẹ, Òkété!" ni àwọn èrò ń wí.

Òkété wo Tannátanná pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ̀kùrọ́ mi ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí ẹ gbé e sí, Ẹ̀gbọ́n."

Awó lé Dígí jáde, ó ti ìlẹ̀kùn. Àwọn ẹyin tí Òkété jẹ kò padà mọ́, ìyẹn sì ń dun Awó títí ó fi darúgbó. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù pa. Lọ́jọ́ tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ já sójú ọ̀nà, wọ́n ń tò tẹ̀ lé e, ó kọjá létí omi, kò rántí wo ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Òkété ti ń gbé inú ihò lọ́sàn-án gangan nítorí ìtìjú. Láti ọjọ́ náà ni áàpù ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa bèèrè bóyá òun lè lo Ojú. Láti ọjọ́ náà náà sì ni iná kékeré aláwọ̀ ewé ti ń tàn ní igun òkè fóònù nígbàkigbà tí Ojú bá là. Bí ẹ bá rí i tó tàn, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin ò pe Ojú, ẹ má bá Tannátanná jà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ wo ẹni tó wà nínú ilé yín, kí ẹ sì ní kó jáde.