Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Kan Tí Ìjàpá Mú Bọ̀ Láti Etí Òkun

Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó lọ sùn. N kì í pa àlọ́ fún ẹni tó ń tòògbé, bí n kì í ti í wọn iyọ̀ fún ẹni tí kò gbé igbá wá. Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ́n-ẹ́n. Àlọ́ mi kò já lulẹ̀ gbàgà. Ó rọra wọ́ bọ̀ ni. Ó wọ́ karawun nílẹ̀ láti etí òkun, ó gun àká kan, kò lè sọ̀ mọ́. Ó wá lọ há sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété, opó.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Ọ̀dá náà kì í ṣe kékeré. Odò gbẹ, ẹja inú rẹ̀ kú. Àwọn tó jẹ òkú ẹja kú tẹ̀ lé e. Ewúro tí ẹnìkan kì í jẹ láìfọ̀, wọ́n ń já a jẹ bẹ́ẹ̀ lórí igi.

Àká kan wà ní ìlú náà. Ó ga lórí òpó mẹ́fà, àkàsọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gùn ún. Inú rẹ̀ ni gbogbo ilé ń kó àgbàdo irúgbìn sí. Kì í ṣe àgbàdo jíjẹ o. Irúgbìn ni. Bí ebi ń pani kú lọ, a kì í fọwọ́ kàn án, torí ẹni tó bá jẹ irúgbìn, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ.

Wọ́n ní àṣà kan lórí àká yìí. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣọ́ ọ ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Òun ni yóò máa na irúgbìn jáde, ilé kan lẹ́yìn òmíràn. Kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí ilé ìkẹyìn yóò fi gbà tirẹ̀. Bí àwọn bàbá wọn ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ìjàpá ti sá kúrò nílùú kí ọ̀dá tó le. Ó lọ sí etí òkun, ó ń ru ẹrù fún àwọn òyìnbó. Nígbà tó padà dé, kò gbé aṣọ bọ̀, kò gbé iyọ̀ bọ̀. Ọ̀bọ rí i láti orí igi, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìjàpá, ọkọ Yánníbo! Ẹni tó ru ẹrù fún ẹlẹ́rù. Tìrẹ dà?"

"Ẹrù mi wà lẹ́nu mi," ni Ìjàpá wí.

"Kí ló lè wà lẹ́nu rẹ? Eyín gan-an ò sí ńbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ kan ni. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ṣáàjì."

Àwọn tó wà nítòsí sún mọ́ ọn. Ọ̀bọ wá ní, "Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

Ìjàpá mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Ará oko ní í bèèrè ìtumọ̀ ṣáàjì."

Ó tán. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wọn di ẹni tó gbọ́ òyìnbó. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín gbangba: ọ̀dá kọ́ ló kọ́kọ́ pa ìlú yẹn. Ìtìjú ni.

Kò pẹ́, Òòrẹ̀ àgbà tó ń ṣọ́ àká kú. Erin ni baálẹ̀. Ó pe ìpàdé, ó ní ta ni yóò gba àkàsọ̀. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, kí ọlá yín pẹ́. Ẹ jẹ́ kí èmi wà ní ṣáàjì."

Erin wo ọ̀tún, ó wo òsì. Erin tó tóbi tó yẹn, tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, kò lè là á pé òun ò gbọ́. Ó ní, "Hùn. Ṣáàjì dára. Ṣáàjì dára púpọ̀."

Òkété ló dìde. Ọkọ rẹ̀ ti kú ṣáájú ọ̀dá. Ọmọ kan ló kù ú kù, ọmọbìnrin ni, Málọmọ́ lorúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tó bí ṣáájú kò dúró. Wọn kì í fetí sí Òkété nílùú. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Opó ni pẹ̀lú, ta ló sì ń gbèjà opó?

Ó ní, "Èmi ará oko ni mí. Ìjàpá, kí ló ń jẹ́ ṣáàjì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀bọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí ẹ̀ka. Ìjàpá ní, "Ó túmọ̀ sí pé èmi ni olórí àká."

"Ó dáa. Ṣé o mọ̀ pé olórí àká ló ń wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ òjò?"

"Mo mọ̀."

"O ò sì ní sọ̀ kalẹ̀."

"Mo ní mo mọ̀, ìyá yìí! Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Òkété yíjú sí àkàsọ̀. Ó gun àká kí wọ́n tó gbé àkàsọ̀ lé Ìjàpá lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ fojú kan irúgbìn òun. Ẹ sì mọ̀ pé àpò méjì ni Ọlọ́run dá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété. Nígbà tó sọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ gòdògbò lọ́tùn-ún lósì. Láti ọjọ́ náà, kò la ẹnu rẹ̀ níta mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Ẹtu wá sídìí àká. "Ìjàpá, jọ̀ọ́, gbé àkàsọ̀ fún mi. Mo fẹ́ wò ó bóyá kòkòrò ti wọ irúgbìn mi."

"Ṣáàjì ńkọ́?" ni Ìjàpá wí.

"Ṣebí ìwọ lo wà ní ṣáàjì?"

"Èmi ni mo wà ní ṣáàjì, ìwọ lo sì máa san ṣáàjì. Ohun tí mò ń gbà kí àkàsọ̀ tó kanlẹ̀ ni. Iṣu kan."

Níbo ni Ẹtu ti fẹ́ rí iṣu nínú ọ̀dá? Ó fẹ́ bèèrè bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń bímọ báyìí. Ó ro ti ará oko, ó yíjú padà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń padà. Kò sí ẹni tó tún rí inú àká.

Ìjàpá nìkan ló ń gùn ún lójoojúmọ́. Á gòkè pẹ̀lú ikùn pẹlẹbẹ, á sọ̀ pẹ̀lú ikùn róbótó. Ọ̀bọ bi í léèrè lọ́jọ́ kan:

"Alàká, kí lò ń lọ ṣe lókè?"

"Agbára mi ló tán. Mò ń lọ ṣáàjì ara mi."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Irúgbìn wọn ló ń jẹ, hóró dé hóró. Bó bá jẹ ẹ́ tán, á to ṣùkù rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹni tó bá yọjú láti ìsàlẹ̀ lè rò pé àká ṣì kún.

Ní ilé Òkété, ebi ń mú Málọmọ́. Bí oòrùn bá kan àtàrí, Òkété á ti ilẹ̀kùn, á tú àgbàdo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí ọlọ kó lè gbẹ, kó má bàa hù. Ogójì hóró ni. Á jókòó tì í. Málọmọ́ á máa wò ó.

"Ìyá mi, àgbàdo."

"Irúgbìn ni."

"Ẹyọ kan péré, ìyá mi."

"Irúgbìn ni, ọmọ mi."

Á sì ṣà á padà sẹ́nu.

Ìjàpá kíyè sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹni tó ń jalè kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé nǹkan pa mọ́. Ó lọ kó ìlú jọ.

"Mo ṣáàjì Òkété!"

Erin ní, "O fẹ́ fi í jẹ olórí àká?"

"Rárá o, Bàbá. Ti èyí, ẹ̀sùn ni. Olè ni Òkété! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo wa tí awọ ti lẹ̀ mọ́ egungun, ta ló ń sanra lẹ́nu?"

Ariwo ta. "Òkété, fọhùn! Ya ẹnu rẹ!"

Òkété wo ojú wọn. Ebi ló rí níbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí hóró kan bá já bọ́, wọn á ti lá a mọ́lẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ó mi orí. Ó pa ẹnu pọ̀.

Ìjàpá kígbe sí Ẹfọ̀n, alágbára ìlú: "Ẹfọ̀n! Ṣáàjì!"

Ẹfọ̀n ní, "Kí ni n ó san?"

"Òmùgọ̀! Sáré lọ kàn án ni! Kàn án lágbárí kó la ẹnu!"

Ẹfọ̀n sáré, ó fi ìwo gbé Òkété, ó sọ ọ́ mọ́ òpó àká. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń tú nímú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Hóró kan kò bọ́.

Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ilé. Ìjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí, Málọmọ́ lọ.

Kí lo wí, Àwẹ̀ró? O ní kí ló dé tí kò fún un jẹ?

Ìbéèrè tó le lo bi mí yẹn. Ogójì hóró. Ká ní ó fún un, ọmọ yẹn á lo ọjọ́ méjì sí i, á sì kú lọ́jọ́ kẹta. N ò sọ pé ó ṣe dáadáa. N ò sọ pé ó ṣe burúkú. Ohun tó ṣe ni mò ń sọ fún ọ. Òun nìkan ló gbẹ́ ilẹ̀, lórí ẹsẹ̀ kan. Kò lè sunkún síta, nítorí ẹkún ní í la ẹnu ẹni.

Òjò wá rọ̀.

Ilẹ̀ mu omi yó. Gbogbo ilé gbé igbá dé ìdí àká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin ìpín. Ẹ bá mi gbè é:

Alàká, nawọ́ sí wa o —
*Rọra pín.*
Òjò dé, ilẹ̀ ti rọ̀ —
*Rọra pín.*
Ilé ìkẹyìn ò tí ì gbà —
*Má sọ̀ o, rọra pín.*

Òógùn bo Ìjàpá. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó ní inú ń run òun. Wọ́n ṣáà ń kọrin. Ó wá ní, "Bàbá, ṣáàjì tún ní ìtumọ̀ kan tí n kò tí ì sọ fún yín. Ó túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn ló ń wọlé lọ́jọ́ ìpín."

Erin mi etí. "Ìjàpá," ó ní, "àká ò gbọ́ òyìnbó. Wọlé."

Ẹfọ̀n tì í lẹ́yìn. Ó gòkè, ó wọlé. Ẹtu ló kọ́kọ́ gbé igbá sókè. Ṣùkù kan já sínú rẹ̀, gbọlọ, kò sí hóró kan lára rẹ̀. Ó rò pé àṣìṣe ni. Ẹni kejì gbé igbá. Ṣùkù. Ẹni kẹta. Ṣùkù. Orin ń dínkù lẹ́nu wọn, títí ó fi ku ohùn ẹyọ kan, ìyẹn náà sì dákẹ́. Ogún ilé ló gba ṣùkù. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọwọ́ lé orí.

Ilé ìkẹyìn, ilé Òkété ni. Ó ń tiro bọ̀. Ìjàpá yọ orí lókè.

"Òkété, ìyá mi! Sọ pé o ti gbà tìrẹ! Sọ ọ́ kí n lè sọ̀!"

Òkété tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Erin. Ó la ẹnu. Àgbàdo ń bọ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé ogójì. Ó ṣà wọ́n, ó ń pín in: hóró méjì fún Ẹtu, hóró méjì fún Ọ̀bọ, hóró méjì fún Ẹfọ̀n tó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ogún ilé, méjì méjì. Kò ku nǹkan kan lórí ìborùn.

Erin ní, "Tìrẹ ńkọ́?"

"N ò gbà," ni Òkété wí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ilé ìkẹyìn ò tí ì gbà. Ẹ gbé àkàsọ̀ kúrò."

Wọ́n gbé e kúrò.

Ìjàpá kígbe: "Ṣáàjì! Ẹ gbọ́, ṣáàjì!" Kò sí ẹni tó bèèrè èwo ni tìyẹn.

Erin kúnlẹ̀. Baálẹ̀ ìlú kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Òkété, kí la ó fi tù ọ́ nínú?"

Òkété ń ká ìborùn rẹ̀. "Bàbá, ẹ máa ń sọ ọ́ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmú ta ni n ó mu?"

Ó tiro lọ sílé.

Ìjàpá wà lókè pẹ̀lú ṣùkù rẹ̀. Ó kígbe ọjọ́ méje. Ó jẹ ṣùkù, ó jẹ bẹẹrẹ orí àká. Nígbà tí àgbàdo yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nínú oko, ikán ti jẹ òpó, àká wó, Ìjàpá jábọ́. Ó fà lọ sínú igbó, kò kí ẹnìkan. Títí di òní, ẹ bi í ní ohunkóhun, á fa orí wọlé. Kò fẹ́ kí wọ́n bèèrè ìtumọ̀ kankan lọ́wọ́ òun.

Ìdí àlọ́ mi rèé, bí mo bá sì parọ́, kí iyọ̀ inú igbá mi di omi kí n tó dé ọjà: bí ẹnìkan bá gbé ọ̀rọ̀ kan wá bá yín, tó ń yí i bó ṣe wù ú, ẹ bi í léèrè. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n pè yín ní ará oko. Ará oko ló ni irúgbìn.