Àwọn Oyin Dúdú Ìdóyin

Láyíwọlá agbẹ́kọ̀ àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Àbíọ́nà ọmọ wọn, ń gbé ní Ìdóyin, erékùṣù kékeré kan láàárín Odò Ọya, níbi tí odò náà ti fẹ̀ débi pé ẹni tó dúró ní bèbè kan kò lè dá ojú ẹni tó wà ní bèbè kejì mọ̀. Iṣẹ́ ọkọ ni kí ó gbẹ́ ìtì igi di ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ aya ni oyin sísìn. Ìkòkò amọ̀ mẹ́rìnlá ni Àwẹ̀ró gbé sórí igi emi àti igi igbá kiri erékùṣù náà, bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe kí ó tó kú, àwọn kòkòrò oyin a sì wá wọ inú wọn fúnra wọn.

Oyin Ìdóyin kì í ṣe irú èyí tó wà níbòmíràn. Wọ́n kéré, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, wọn kì í sì í tètè bínú. Nígbà tí òjò bá ń ṣẹ̀ winniwinni, tí kùrukùru bo odò, tí àwọn kòkòrò yòókù ti sá pamọ́, àwọn wọ̀nyí á ṣì jáde, wọ́n á máa fò nísàlẹ̀ bíi pé ìyẹ́ wọn fẹ́ kan omi. Ohun tí wọ́n ń mú wá kò pọ̀. Ẹni tó bá rí agbè oyin kan nínú ìkòkò kan lọ́dún ti ṣe oríire. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí wọ́n fi ọwọ́ òfo dá ẹnikẹ́ni padà.

Láyíwọlá jẹ́ ènìyàn tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí ó bá ń gbẹ́ ọkọ̀ kan, ọkàn rẹ̀ ti wà lórí èyí tí yóò gbẹ́ tẹ̀ lé e. Bí ó bá jókòó ti oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì. Ìgbà gbogbo ló ń sọ fún Àwẹ̀ró pé agbè kan lọ́dún kéré, pé ó yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Ní ọdún kan, ó wa ọkọ̀ tuntun lọ fún ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ní òkè odò, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin. Àgbàlá ọkùnrin náà ló ti rí àwọn oyin ńláńlá kan tí ìdí wọn pọ́n bí epo. Lójú rẹ̀ ni wọ́n ṣe bu agbè mẹ́ta nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, Láyíwọlá kò lè ronú nǹkan mìíràn mọ́. Ó bẹ ọkùnrin náà títí ó fi fún un ní ìkòkò méjì, ó dí ẹnu wọn, ó sì gbé wọn bọ̀ wá sílé.

Àwẹ̀ró pàdé rẹ̀ ní èbúté. Ó bèèrè bóyá ó wádìí bí àwọn oyin náà ti ń ṣe nígbà òjò àti kùrukùru. Láyíwọlá dá a lóhùn pé oyin ni oyin ń jẹ́. Láti ọjọ́ náà, obìnrin náà kì í lè rí ìkòkò méjì yẹn kí ó kọjá lára wọn láìdúró.

Ọdún àkọ́kọ́ dára púpọ̀. Oyin pupa kún inú ìkòkò débi pé ó ń kán sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ìlú wá ń tọrọ irú rẹ̀ lọ́wọ́ Láyíwọlá, ó sì ń pín in fún wọn. Kí ọdún náà tó parí, oyin pupa ti wà lórí igi ilé gbogbo.

Ọdún kejì ni Àwẹ̀ró ṣí ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó rí nǹkan tó mú un jókòó sílẹ̀. Nínú afárá kan náà, ó rí oyin dúdú, ó rí pupa, ó sì rí àwọn tí kò jọ èyí tí kò jọ tọ̀hún. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ìyá oyin kì í gbọkọ nínú ilé. Nígbà èwe rẹ̀ ló ń fò lọ sójú ọ̀run, ibẹ̀ ni àwọn akọ ti ń bá a, tó bá sì ti padà wálé, ọmọ ni yóò máa bí títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn akọ tó wà lójú ọ̀run Ìdóyin nísinsìnyí, pupa ló pọ̀jù nínú wọn. Ìyá dúdú ń bí ọmọ tí kò jọ ọ́.

Àwọn ọmọ àdàlù yìí burú. Wọ́n ta ewúrẹ́ Baálẹ̀ pa lórí ìso, wọ́n sì lé àwọn obìnrin kúrò nídìí igi emi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí òjò wá dé, tí kùrukùru bo odò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn pupa àti àdàlù jókòó sínú ilé, wọ́n jẹ gbogbo ohun tí wọ́n kó pamọ́ tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dìde gììrì, wọ́n kọjá lórí omi lọ. Ìdajì wọn já sínú odò níṣojú àwọn apẹja. Nígbà tí igi emi tanná ní ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí kòkòrò tó bẹ̀ ẹ́ wò. Èso rẹ̀ kò kún agbọ̀n mẹ́wàá ní gbogbo erékùṣù, àwọn obìnrin tó ń fi òrí ṣe iṣẹ́ jẹ sì ń fọwọ́ lérán.

Láyíwọlá kò lè jókòó sójú kan mọ́. Yóò mú iṣẹ́, yóò fi í sílẹ̀, yóò rìn yí erékùṣù ká, yóò máa gbé etí lé ìkòkò òfìfo lọ́kọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ pe ìpàdé nígbà tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé kí Láyíwọlá padà sí òkè odò, kí ó kó oyin pupa mìíràn wá, àní bí ó bá gbà á pé kí ó máa lọ lọ́dọọdún. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n fún òun láyè láti wá oyin dúdú. Baálẹ̀ gbà, ó ní, "Ìyá Àbíọ́nà, bí omi bá bo òkúta èbúté kí o tó rí wọn, ọkọ rẹ á lọ."

Àwẹ̀ró wá wọn fún ọjọ́ márùn-ún. Gbogbo ihò igi tó mọ̀ ló yẹ̀ wò, àdàlù díẹ̀ tó kù nìkan ló bá níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń gba èbúté kọjá, lójoojúmọ́ sì ni òkúta náà ń rẹlẹ̀ sí i nínú omi. Ní ọjọ́ kẹfà, ó rí oyin kan ṣoṣo tó ń mumi lórí iyanrìn tútù. Ó dúdú láti orí dé ìdí. Àwẹ̀ró mú èlùbọ́ díẹ̀, ó rọra wọ́n ọn sí i lẹ́yìn kí ó lè máa rí i bó bá fò, ó sì sáré tẹ̀ lé àmì funfun náà. Ó pàdánù rẹ̀. Ó dúró níbi tó ti pàdánù rẹ̀ títí òmíràn fi kọjá, ó tún wọ́n èlùbọ́ sí ìyẹn náà. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ nìyẹn títí ó fi dé àpáta tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù erékùṣù náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú odò.

Àpáta náà là níbi méjì, ilé oyin dúdú kan sì wà nínú ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Oyin pupa ló lé wọn kúrò lórí igi tí wọ́n fi sá síbẹ̀. Ibi tí wọ́n sá sí rẹlẹ̀ jù. Omi kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí Àwẹ̀ró sọ fún ọkọ rẹ̀, kò dúró gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ó mú àáké tó fi ń gbẹ́ ọkọ̀, Àwẹ̀ró gbé ìkòkò méjì àti iná tí yóò fi rú èéfín, wọ́n wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù. Àáké yẹn kò ní èkejì ní Ìdóyin, kò sì sí alágbẹ̀dẹ kankan lórí erékùṣù náà tó lè rọ òmíràn.

Láyíwọlá bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú àkọ́kọ́. Òkúta náà ń ṣí ní ìpele ìpele, ṣùgbọ́n kò rọ̀. Bó bá ti ṣá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò gbé àáké sókè, yóò fi àtàńpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, yóò mí kanlẹ̀, kó tó tún ṣá a. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá Àbíọ́nà, ẹ̀yin ń wo àáké. Omi tó ń bọ̀ kò wò ó."

Ojú àkọ́kọ́ ṣí nígbà tí oòrùn yọ dáadáa. Àwẹ̀ró fín èéfín díẹ̀, ó gé afárá pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀, ó tò ó sínú ìkòkò. Nígbà tí ìyá wọn wọlé, àwọn yòókù tẹ̀ lé e ní ọ̀wọ́. Láyíwọlá tún wo ẹnu àáké. Ó ti ní eyín bí ẹnu ayùn.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, a ti rí ọ̀kan. Ó tó. Bí irin yìí bá kán, kí ni mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́?"

Àwẹ̀ró kò gbé ohùn sókè. "Ọmọ ìyá kan kì í fẹ́ ara wọn. Bí a bá gbé ilé kan ṣoṣo lọ sí ibi tí kò sí òmíràn, ta ni àwọn ọmọ wọn fẹ́ fẹ́? Ọdún mélòó ni wọ́n fẹ́ lò kí wọ́n tó tán?"

Láyíwọlá dúró. Ó wo ojú kejì, níbi tí omi ti ń ta sí etí rẹ̀, tí àwọn oyin ti ń rìn gòkè lórí ara wọn. Ó rántí èbúté, ìkòkò méjì, àti èsì tó fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá yí ojú kúrò lára irin náà, ó ṣá òkúta, kò sì tún gbé e sókè wò mọ́.

Ojú kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí omi fi dé orókún wọn, ìdajì ẹnu àáké fò kúrò, ó já sínú odò. Láyíwọlá kò wo ibi tó já sí. Ìdí àáké ló yí padà, ó fi ń lu òkúta náà bí ẹni ń fi òòlù lù ú, títí ìpele ìkẹyìn fi ṣí. Àwẹ̀ró kó wọn sínú ìkòkò kejì nígbà tí omi ti ń kán sínú ihò náà. Afárá kékeré kan ya kúrò, oyin ń ṣàn nínú rẹ̀. Ó fi í sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n wa ọkọ̀ lọ sí erékùṣù kékeré kan tí kò sí ènìyàn níbẹ̀, ìsàlẹ̀ odò, tó jìnnà ju ibi tí oyin lè fò dé lọ, kí àwọn akọ àdàlù má baà lè bá wọn. Òjò rọ̀ títí, kùrukùru bo odò, àwọn oyin dúdú ń jáde, wọ́n ń wọlé. Láyíwọlá kò rí ọkọ̀ gbẹ́ fún oṣù mẹ́jọ. Ó ń ran àwọ̀n fún àwọn apẹja, ó sì ń fi àdá gé igi dí ihò ara ọkọ̀ àtijọ́, títí ó fi rí àáké mìíràn rà ní òkè odò. Nígbà tó ń bọ̀ láti ibẹ̀, àáké nìkan ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn náà, tí àdàlù ìkẹyìn ti tán ní Ìdóyin, ilé oyin dúdú ti di mọ́kànlá ní erékùṣù kékeré. Wọ́n gbé mẹ́fà padà wá sílé, wọ́n fi márùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀. Baálẹ̀ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún gbé oyin òkèèrè la odò Ìdóyin kọjá. Igi emi so. Àwọn ènìyàn gbé àwo wá gba oyin lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró, ẹni tó bá sì rí ọwọ́ Láyíwọlá tó ti lápàá á bi í bóyá kò káàánú àáké kan ṣoṣo tó ní. Ohun kan náà ló máa ń fi dá wọn lóhùn: "Ká ní mo ṣì ń wò ó ni, odò ì bá ti gbé wọn lọ."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni àwọn àgbà gbọ́, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké.